Ìfófó Lójú Rọ́bà

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi dáná igi
nínú àgbàlá yìí, l'Òkélele.
Mo mọ iná igi bí mo ṣe mọ ọkọ mi:
kí ó tó bínú, á kọ́kọ́ wúkọ́,
á rú èéfín, á mú ojú wa ṣomi,
a óò ti mọ̀, a óò ti sún sẹ́yìn.

Àmọ́ èyí tí Sàkáríyáù gbé dé lọ́jọ́ Iléyá
nínú bùùtù ọkọ̀, ó ń dán bí ìgò,
ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní ìdérí, ó ní bọ́tìnì.
Sìlíńdà kan jókòó sí ìdí rẹ̀,
rọ́bà so wọ́n pọ̀ bí ìwọ́ ṣe so ọmọ mọ́ ìyá.
"Ìyá Ilé," ó ní, "ẹ sinmi èéfín lónìí."

Wọ́n ti gé ìtan àgbò, wọ́n ti fi ata àti yájì pa á lára,
ó ti na ọwọ́ sí bọ́tìnì
nígbà tí Sẹ̀kínátù ní, "Ẹ dúró."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ àbúrò ọkọ mi,
tó ń rọ gáàsì fún àwọn ará Ìta-Kúdímọ̀,
tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè ní Àlájà Sìlíńdà.
Kò pariwo. Ó bu omi sínú ike,
ó fọ́ ọṣẹ dúdú sí i, ó pò ó títí ó fi hó,
ó yí orí sìlíńdà díẹ̀,
ó sì fi kànìnkànìn kùn ún lọ́ṣẹ láti orí dé ìdí ààrò.
Ó ní ká wò ó.

A wò ó.
Fún ìgbà díẹ̀, ọṣẹ lásán ni.
Lẹ́yìn náà, níbi tí rọ́bà ti wọ irin,
ìfófó kan yọ, ó wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́,
ó bẹ́. Òmíràn yọ.
"Ṣé ẹ gbóòórùn rẹ̀?" Ẹyin òbu.
Èmi ti ń rò pé ìfun àgbò ni.

Ló bá ti sìlíńdà pa, ó fa rọ́bà yọ,
ó gun ọ̀kadà lọ wá tuntun.
Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ebi ń pa àlejò.
Wọ́n ní ẹ̀rù ọmọ yìí ti pọ̀ jù,
wọ́n ní Ọlọ́hun ń ṣọ́ ilé.
Mo ní, bóyá Òun ló rán an.

Nígbà tó dé, ó de rọ́bà, ó fi ọṣẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì;
ìfófó kankan ò wú.
Ó ní kí n ṣí ìdérí ká tó ṣáná:
"Ìyá Ilé, gáàsì yìí ò mọ òkè lọ bí èéfín,
ilẹ̀ ló ń wọ́, ibi tó kòtò ló ń ba sí.
Bí iná bá kú lójijì, ẹ pa gbogbo rẹ̀,
ẹ jìnnà sí i, ẹ fa tẹ́sùbáà yíká kí ẹ tó padà."

Iná jó, aláwọ̀ aró.
Ọ̀rá àgbò ń kán, ó ń ké ṣàà.

Òjò dé ní nǹkan bí agogo mẹ́rin.
Sàkáríyáù di ààrò mú lápá: "Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀."
Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tí àwọn ọmọ ń sùn lórí ẹní,
tí òrùlé rẹ̀ kò ga ju ọwọ́ tí mo bá nà lọ.
Sẹ̀kínátù kàn yí ọwọ́ rẹ̀, iná kú.
Ó ní, "Òjò ò ní í rọ̀ mọ́jú."

A jókòó. Ìdérí ààrò ń dún nínú òjò
bí ẹni ń da àgbàdo sí páànù.
Lẹ́yìn Ìṣáà la tó jẹun. Ó dùn;
ṣùgbọ́n, kí n má purọ́, kò ní òórùn igi.

Lóru, gbogbo wọn ti sùn,
mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo jáde lọ bá a.
Mo mọ̀ pé ọmọ náà ti tì í. Ojú mi ló ṣe.
Mo ṣáà di orí sìlíńdà mú,
mo yí i sọ́wọ́ ọ̀tún títí kò fi yí mọ́,
mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbóòórùn ilẹ̀:
erùpẹ̀ tútù, ọ̀rá, ọṣẹ dúdú.

Mo tún yí i.